Bí Ẹ Ṣe Lè Múra fún Ìdánwò Òfin Ojú Pópó Láìhá Ìwé Sórí

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ò bà mí lẹ́rù mọ́, àmọ́ ìdánwò òfin yẹn ńkọ́? Kí ni kí n kà?"

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbà jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n ń bi mí ní Ìlọrin, wọ́n ń pè mí láti Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán, kódà àwọn ìyá ọlọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi máa kó ẹrù náà ń bi mí. Mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ síbí báyìí, kí ẹ lè máa padà síbẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń kàwé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ohun kan sọ́kàn. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà kò ní bi yín ní ohun tí awakọ̀ ń ṣe ní Challenge tàbí ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin. Ohun tí ìwé òfin wí ni wọ́n máa bi yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tó fìdí rẹmi, orí wọn pé, wọ́n sì kàwé. Ohun tó bá wọn ni pé láti kékeré ni wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ èrò, ojú wọn ti mọ́ ìwàkuwà títí ó fi dà bí òfin lójú wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín: kí ẹ kọ́ òfin, kí ẹ sì gbàgbé àṣà.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé òfin ojú pópó ti Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Highway Code. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àwọn Road Safety, ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má gba fótókọ́pì aláwọ̀ dúdú àti funfun, nítorí àwọ̀ wà lára ohun tí àmì ojú ọ̀nà fi ń sọ̀rọ̀.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tó lè wọ àpò, pẹ̀lú bírò.
- Ẹnì kan tí yóò máa bi yín ní ìbéèrè. Kò di dandan kó mọ ọkọ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè kàwé tó bẹ́ẹ̀.
- NIN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀ bá èyí tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà dé lẹ́tà.
- Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn learner's permit. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè gba ìwé ìwakọ̀, kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ìkìlọ̀: Ẹ lè pàdé ẹnì kan nítòsí ọ́fíìsì tó máa ní kí ẹ mú owó wá, pé òun á bá yín ṣe gbogbo rẹ̀, pé ẹ ò ní fojú kan ìdánwò. Ẹ má gbà. Ìwé tí wọ́n bá gbà báyẹn lè jẹ́ ayédèrú, ẹ ó sì gbé e kiri títí di ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin tí ẹ kò kọ́ níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni ẹ ó ti lọ kọ́ ọ, níbi tí ẹ̀kọ́ ti wọ́n jù.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́ ìrísí àmì kí ẹ tó kọ́ àwòrán inú rẹ̀

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í há àmì sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀. Ìrísí àti àwọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìdílé mẹ́rin péré ni àmì pín sí:

1. Onígun mẹ́ta tó ní etí pupa, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè: ìkìlọ̀ ni. Nǹkan ń bẹ níwájú, ẹ rọra.
2. Róbótó tó ní etí pupa: èèwọ̀ ni. Ohun tí wọ́n yà sínú rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ṣe é, tàbí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.
3. Róbótó aláwọ̀ búlúù: àṣẹ ni. Ohun tí wọ́n yà síbẹ̀ ni kí ẹ ṣe.
4. Onígun mẹ́rin: ó kàn ń júwe ọ̀nà tàbí ń sọ ohun tó wà nítòsí ni.

Bí ẹ bá ti mọ ìdílé, ẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn. Wọ́n lè fi àmì tí ẹ kò rí rí hàn yín. Bó bá jẹ́ róbótó etí pupa, ẹ mọ̀ pé ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kò gbọdọ̀" ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àmì méjì kò sí nínú ìdílé kankan, ó sì nídìí. STOP ní igun mẹ́jọ, pupa ni gbogbo ara rẹ̀. GIVE WAY jẹ́ onígun mẹ́ta tó dorí kodò. Wọ́n ṣe méjèèjì ní ọ̀tọ̀ kí ẹ lè dá wọn mọ̀ kódà nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bò wọ́n, tàbí tí àwọn olóṣèlú bá lẹ pósítà mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ wọn wà lára ohun tí wọ́n máa ń bi ènìyàn: níbi STOP, táyà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀dá kan lójú ọ̀nà. Níbi GIVE WAY, ẹ dín eré kù, ẹ wò, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ ẹ dúró fún un, bí kò bá sí, ẹ máa lọ.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jáde lọ wá ohun tí ẹ kà

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlọrin, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Tánkè lọ sí Post Office, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè ríran dáadáa, kí ẹ kọ gbogbo àmì àti ìlà tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ẹ kọ ìdílé rẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń sọ, ẹ sì kọ bóyá awakọ̀ tó gbé yín tẹ̀ lé e. Ibi tí kò bá ti tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi ìlà sí lábẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ìdánwò ti máa mú yín.

Àwọn tó wà ní gúúsù Kwara, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán tàbí sí Ọ̀fà. Ìlà àárín títì ni kí ẹ tẹjú mọ́ ní tiyín:

- Ìlà tó ń gé: ẹ lè kọjá lórí rẹ̀ láti ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, ìyẹn overtake, bí ọ̀nà bá mọ́ gaara.
- Ìlà tó lọ gbọọrọ láìgé: ẹ má kọjá lórí rẹ̀.
- Ìlà méjì tó wà pa pọ̀, tí ọ̀kan gé tí èkejì kò gé: èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Bí ìlà bá ti pa rẹ́ lójú títì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yí ìdáhùn yín padà nínú ìdánwò. Ìwé ni ẹ ń dáhùn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ta ló kọ́kọ́ máa kọjá?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín jù, torí pé ibí ni èmi fúnra mi ti ṣubú.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò tèmi, ìwé òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìbátan mi mú bọ̀ ni mo kà. Ìwé náà dára, àwòrán rẹ̀ mọ́, mo sì kà á tán pátápátá. Wọ́n bi mí pé, tí mo bá dé ráńdábáòtù, ta ni kí n dúró fún? Mo dáhùn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì pé ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní kí n lọ tún ìwé kà. Lọ́jọ́ yẹn, inú bí mi. Nígbà tí mo padà délé tí mo ronú sí i, mo rí i pé ká ní mo wakọ̀ bí mo ṣe dáhùn yẹn, ẹgbẹ́ ọkọ̀ mi ni ẹlòmíràn ì bá kọlù.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ìyẹn yí gbogbo nǹkan padà. Lónìí, fídíò ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú fóònù gbogbo ènìyàn, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí lọ́dọ̀ àwọn tí mo ń kọ́. Ẹ wo ohun tó wà lójú fídíò kí ẹ tó gbà á gbọ́: bí sítíárìn bá wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, ẹ pa á.

Mo fi gbólóhùn kan kọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ máa sọ ọ́ sókè títí yóò fi wọ̀ yín lára:

*Ọ̀tún là ń tọ̀, òsì là ń yà, òsì là ń dúró dè.*

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Ọ̀tún là ń tọ̀: apá ọ̀tún títì ni ẹ ó máa rìn.
2. Òsì là ń yà: bí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, apá òsì rẹ̀ ni kí ẹ gbà.
3. Òsì là ń dúró dè: ní ráńdábáòtù, àwọn ọkọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ ló ni ọ̀nà, apá òsì yín ni wọ́n sì ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ọ̀tún ni ẹ ó yà sí, ẹ ó sì fi àárín rẹ̀ sí apá òsì yín bí ẹ ṣe ń yí i po.

Ẹ lọ dúró sẹ́bàá ráńdábáòtù A Division tàbí ti Gáréèjì Ọ̀fà fún ogún ìṣẹ́jú, níbi tí ọkọ̀ ò ti lè gbá yín. Ẹ yan ọkọ̀ kan, ẹ sọ ẹni tó yẹ kó dúró fún kó tó wọlé, kí ẹ wá wò ó bóyá ó dúró. Ẹ ṣe é fún ogún ọkọ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí kò ní gbàgbé.

Àwọn òfin ẹni-tó-kọ́kọ́-kọjá yòókù kò pọ̀:

- Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà kékeré máa dúró fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà ńlá.
- Ẹni tó fẹ́ yà sí òsì máa dúró fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, nítorí ó fẹ́ gé ọ̀nà wọn kọjá.
- Ẹlẹ́sẹ̀ tó ti gbé ẹsẹ̀ sórí ìlà síbírà ló ni ọ̀nà. Ẹ dúró, ẹ má fun fèrè lé e.
- Ọkọ̀ aláìsàn, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ ọlọ́pàá tó tan iná, tó ń fun fèrè: ẹ yà fún wọn.
- Bí iná ojú pópó bá ní kí ẹ máa lọ, tí yẹ́lò fífà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, sì ní kí ẹ dúró, yẹ́lò fífà ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ènìyàn ju iná lọ.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Eré

Ẹ há èyí sórí, kò sí ọgbọ́n mìíràn fún un. Kìlómítà ní wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀:

- Ọkọ̀ ara ẹni: 50 láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà tó jáde láti ìlú kan sí òmíràn, 100 lójú òpópónà márosẹ̀.
- Takisí àti bọ́ọ̀sì: 50, 80, 90.
- Táńkà àti tírélà: 45, 50, 60.

Bí àmì róbótó bá wà níbì kan tó sọ iye mìíràn, ti àmì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ohun kan wà tó ń tan ènìyàn: pé wọ́n kọ 80 kò túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sá 80. Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá ni. Níwájú iléèwé, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìpátá, ní agbègbè Ọjà-Ọba lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀, 50 pàápàá ti pọ̀ jù.

Wọ́n tún lè bi yín nípa bíréèkì. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa rìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ bíréèkì máa di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe ìlọ́po méjì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àlàfo

Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì wà láàárín ọkọ̀ yín àti èyí tó wà níwájú. Ẹ wá òpó iná tàbí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, ẹ rọra sọ pé "Mo fi àlàfo sílẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá dé ibi igi náà kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí ẹ kò ti gbọdọ̀ ya ọkọ̀ sílẹ̀

Wọ́n fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Ẹ má há a sórí. Ẹ kàn bi ara yín pé: ǹjẹ́ mo lè rí ohun tó ń bọ̀, ǹjẹ́ ààyè sì wà? Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ rárá, èèwọ̀ ni:

- ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọ́rọ́;
- ibi tí òkè ti fẹ́ parí, tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀;
- oríta;
- orí afárá tóóró;
- ìlà síbírà àti ibi tó sún mọ́ ọn;
- ojú irin;
- ibi tí ìlà àárín kò ti gé.

## Ìgbésẹ̀ keje: Ojú irin

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fo ojú ìwé yìí. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Ìlọrin ò gbọdọ̀ fò ó, nítorí ojú irin Èkó sí Kánò gba ìlú méjèèjì kọjá. Bí kò bá sí géètì níbẹ̀:

1. Ẹ dín eré kù, ẹ yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ pa rédíò.
2. Ẹ dúró, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ fetí sílẹ̀.
3. Ẹ rí i pé ààyè tó gba ọkọ̀ yín wà ní òdìkejì. Bí ọkọ̀ bá ti tò síbẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀yìn irin títí ààyè á fi ṣí.
4. Ẹ kọjá láìdúró, láìsì pààrọ̀ jíà lórí irin.

Bí ọkọ̀ bá kú sórí irin, ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde. Ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì ti Road Safety, 122, mọ́ èyí. Ọ̀fẹ́ ni pípè é.

## Àṣà ojú pópó tí ìdánwò kò gbà

Àwọn nǹkan yìí, ojoojúmọ́ ni ẹ ń rí wọn. Ẹ kà á bí ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún.

Títan tráfíkétọ̀ méjèèjì ní oríta láti fi sọ pé tààrà lẹ̀ ń lọ. Ìwé òfin kò mọ̀ ọ́n. Iná yẹn wà fún ọkọ̀ tó dúró síbi tó lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Ẹni tó bá ń lọ tààrà kò tan tráfíkétọ̀ kankan. Títàn án nígbà òjò bí ẹ ṣe ń lọ náà kò dára: ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ yà tàbí ẹ ti dúró.

Iná yẹ́lò. Ojú títì ti kọ́ wa pé kí a fi eré kún un kí pupa tó dé. Ìdáhùn ìwé ni pé kí ẹ dúró, àfi bí ẹ bá ti sún mọ́ ìlà tó bẹ́ẹ̀ tí títẹ bíréèkì lójijì lè fa ìjàǹbá.

Ṣíṣẹ́ iná iwájú pàò. Àwọn kan ń fi sọ pé "máa bọ̀", àwọn mìíràn ń fi sọ pé "má bọ̀, mò ń kọjá". Nínú ìwé, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "mo wà níbí o". Ẹ má fi gba ọ̀nà, ẹ má sì torí rẹ̀ kọjá.

Iná ojú pópó tí kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé òfin ti tán níbẹ̀. Ẹ rọra dé ibẹ̀ bí ẹni tó ṣe tán láti dúró.

Fóònù nínú gósílóò. Pé ọkọ̀ ń rákò kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀.

Gbígba wáńwéè pa dà sẹ́yìn nítorí pé ibi tí ẹ ń lọ kò jìnnà. Ọ̀kadà ń ṣe é, kẹ̀kẹ́ ń ṣe é. Kò sí ìdáhùn tó máa gbà á wọlé.

## Gẹ̀ẹ́sì tó ń dẹ pàkúté

Mo ti rí àwọn tó mọ òfin dénú, tó jẹ́ pé èdè ìbéèrè ló gbé wọn ṣubú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa fi kọ ìbéèrè. Ẹ mọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa:

- Must: dandan ni. Must not: èèwọ̀ ni. Ẹ fi ìka tọ́ "not" nígbà tí ẹ bá ń kà á, torí ojú máa ń fò ó.
- Should: ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni.
- Except: àfi. Bí wọ́n bá ní gbogbo ìdáhùn yìí tọ̀nà except ọ̀kan, èyí tí kò tọ̀nà ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ń mú èyí àkọ́kọ́ tó tọ̀nà, wọ́n á sì kọjá.
- Unless: àyàfi bí.
- Overtake: kí ẹ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀ kí ẹ sì kọjá.
- Pedestrian: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.
- Junction: oríta. Bend: ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì.
- Level crossing: ibi tí títì àti ojú irin ti pàdé.

Bí ìbéèrè bá rú yín lójú, ẹ kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ọkàn yín, kí ẹ dáhùn ní Yorùbá, kí ẹ wá wá ìdáhùn yẹn nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀.

## Bí ẹ kò bá lè kàwé dáadáa

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ìyá kan tó ń ta gààrí ni mo kọ́, kò kàwé rárá, ó sì mọ òfin ju àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Bí a ṣe ṣe é nìyí:

1. Ọmọ rẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp fún un, àmì mẹ́wàá lóòjọ́, ní Yorùbá.
2. Ó ń gbọ́ ọ nídìí ọjà, á sì máa wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé.
3. Lálẹ́, ọmọ á bo àkọlé mọ́lẹ̀, á sì fi àwòrán nìkan hàn án.
4. Ó kọ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú àmì fúnra rẹ̀ ṣe rí: STOP, GIVE WAY, NO ENTRY. Ìyẹn kò pọ̀.

Ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ ìdánwò bóyá wọ́n lè fẹnu bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé bébà síwájú yín.

## Ọjọ́ mẹ́wàá tó tó

- Ọjọ́ 1 àti 2: ìdílé àmì, STOP àti GIVE WAY.
- Ọjọ́ 3: ẹ jáde pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀.
- Ọjọ́ 4 sí 6: ẹni tó kọ́kọ́ kọjá. Ẹ lọ sí ráńdábáòtù.
- Ọjọ́ 7: eré, àlàfo, yíya ọkọ̀ sílẹ̀, ojú irin.
- Ọjọ́ 8 àti 9: kí ẹlòmíràn máa bi yín ní ìbéèrè. Èyí tí ẹ bá gbà, ẹ pa á tì. Èyí tí ẹ kò gbà nìkan ni kí ẹ padà sí.
- Ọjọ́ 10: ẹ sinmi. Ẹ má ka ohun tuntun kankan.

Bí iṣẹ́ kò bá fún yín láyè, ẹ sọ ọ́ di ogún ọjọ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di òru ọjọ́ kan.

## Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò

- Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, NIN àti rìsíìtì owó tí ẹ san wà lọ́wọ́.
- Gíláàsì ojú, bí ẹ bá ń lò ó. Àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, lè yẹ ojú yín wò.
- Bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí wọ́n lè ní kí ẹ wakọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Sílípáàsì kò dára.
- Ẹ ti jẹun.
- Bẹ́líìtì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó fọwọ́ kàn bí ẹ bá wọ ọkọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹ bá yege, tí wọ́n sì ti ya àwòrán yín tí wọ́n gba ìka ọwọ́, wọ́n lè kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ìwakọ̀ onígbà díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sórí kàlẹ́ńdà.

Bí ẹ kò bá yege, ẹ má kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kọ àwọn ìbéèrè tí ẹ rántí sílẹ̀, pàápàá àwọn tí ẹ kò dá lójú. Ẹ wá wọn kàn nínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ kà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ padà lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ jáde fún ìdánrawò, kí àmì L pupa tó ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ní ìwé ìwakọ̀ sì jókòó tì yín.